Ọgbẹ́ àtijọ́ nínú ọpọlọ, wíwú tuntun

Ẹ̀yin ará wa ní Bantè àti Savalou, bí ẹ̀gbà bá kọlu ẹnì kan, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, inú wa a máa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú onítọ̀hún á máa jó sókè sódò, ọ̀fun rẹ̀ á máa gbọ̀n láì sinmi. Kíá la ó ti wí pé ẹnì kan ló tún rán nǹkan sí i. A mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń tú ilé ká.

Ní 1931, ní Paris, dókítà méjì, Georges Guillain àti Pierre Mollaret, kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí ọ̀fun àti ojú wọn ń gbọ̀n pọ̀. Ibi mẹ́ta tó so kọ́ra nínú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì ń fi orúkọ wọn pè é títí dòní: triangle de Guillain et Mollaret. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ olive, torí ó jọ èso ólífì. Ó wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn.

Bí ẹ̀gbà bá já ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ olive, àṣẹ tó ń kó o níjàánu kì í dé mọ́. Àwa olùkọ́ mọ irú rẹ̀: bí ohùn ọ̀gá kò bá dé kíláàsì, ariwo ọmọ ní í gba ibẹ̀. Iṣan tó bá já sábà máa ń gbẹ ni. Olive kọ́kọ́ ń wú, ó di ọdún mélòó kan kó tó sún kì.

Láyé Guillain, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n tó lè rí wíwú yìí. Ní 1973, Paul Lauterbur ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà fífi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán jáde; òun àti Peter Mansfield, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Ibẹ̀ ni IRM ti wá. Lónìí, IRM ń fi olive tó wú hàn lára alààyè, ó funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹ̀gbà ti ṣẹlẹ̀ rí lè pè é ní kókó tuntun.

Nítorí náà, ẹ má ju ìwé ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ nù. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tàbí ọwọ́ rọ lójijì, ẹ má dúró rárá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀fun ló ń gbọ̀n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Kí a tó fẹ̀sùn kan ìyá àgbà inú ilé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìwé yẹn lọ fún dókítà.