Títa dúkìá onígbèsè ní Ìkirè àti Àpòmù

Títa dúkìá onígbèsè ni ọ̀nà tí òfin fi ń gba ilé, ilẹ̀, ọjà tàbí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́, tí a sì ń tà á kí àwọn olówó lè rí owó wọn gbà. Ní Ìkirè, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, àti ní Àpòmù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nǹkan mẹ́ta ló pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí: òfin gbèsè ti ìjọba àpapọ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, àti àṣà ilẹ̀ ẹbí. Ibi tí wọ́n ti forí gbárí ni àríyànjiyàn ti ń wáyé.

Ìtàn

Ọjà Àpòmù ti lókìkí ṣáájú ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń ná ọjà. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ìjà lórí ataare tí iye rẹ̀ kò ju owó ẹyọ márùn-ún lọ ní ọjà yìí ló ṣẹ́ná sí ogun Òwu. Ní ayé ìgbà náà, olówó kì í ta ilẹ̀ onígbèsè. Ó lè rán ológò sí i, ẹni tí yóò jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó náà. Onígbèsè sì lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà dípò èlé ni, kò dín ojú owó kù.

Nígbà tí kòkó gbòde ní ọ̀rúndún ogún, oko kòkó ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dógò. Lábẹ́ àṣà, ohun tí a fi dógò kì í di ti olówó, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọmọ onígbèsè lè san ojú owó kí ó sì gba oko bàbá rẹ̀ padà. Kò sí gbàǹjo nínú ètò yìí rárá.

Òfin tó wà nílẹ̀

Òfin tó dá lórí ẹni tó wọ gbèsè jáde ní ọdún 1979. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ni CAMA, tí a tún ṣe ní ọdún 2020. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Lábẹ́ òfin ọdún 1979, dúkìá onígbèsè bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó tí yóò tà á, tí yóò sì pín owó rẹ̀. A kì í gba irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀, tàbí ohun tó ń tọ́jú fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kọ́ ni ọ̀pọ̀ olówó ń gbà. Wọ́n ń gba ìdájọ́, wọ́n sì ń rán akódà ilé-ẹjọ́ lọ kó ẹrù. Ohun tó ṣeé gbé ni a ó kọ́kọ́ tà. Bí kò bá tó, olówó gbọ́dọ̀ padà gba àṣẹ kí ó tó fọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀. Lẹ́yìn títa ilẹ̀, onígbèsè ní ọjọ́ 21 láti bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ó fagi lé e, tó bá lè fi hàn pé àṣìṣe ńlá wà nínú títà náà, tí ó sì pa á lára gan-an.

Ilẹ̀ ẹbí àti àṣẹ gómìnà

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ni ohun tí a fẹ́ tà? Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika (1959), ilé-ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí a bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn àgbààgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè fagi lé e. Nítorí náà, àgbẹ̀ Àpòmù tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí kò ní ju ẹ̀tọ́ ìlò lọ, olówó rẹ̀ kò sì lè gba ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Kòkó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ńkọ́? Àṣà Yorùbá ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra igi tí ẹbí ẹlòmíràn ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ni Òfin Ìlò Ilẹ̀. Ìpín 21 sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ kí a ta ilẹ̀ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú títà mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfo ni ìdógò tí gómìnà kò fọwọ́ sí. Àwọn onígbèsè rí ihò sá sí. Ní ọdún 1996, nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti CCB, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹni tó yẹ kó gba àṣẹ tí kò gbà á kò lè fi ìwà ara rẹ̀ gbèjà ara rẹ̀. Títí di òní, agbẹjọ́rò onígbèsè ń di ti 1989 mú, ti báǹkì ń di ti 1996 mú.

Iye owó

Ẹ̀dùn ọkàn tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ta ilé ní ọ̀pọ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Eka-Eteh (1973), ìlànà ni pé owó kékeré nìkan kò tó láti fagi lé títà. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tàn hàn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2021, bí a bá fẹ́ yára ta dúkìá ilé-iṣẹ́ tó wọ gbèsè fún ẹni tó súnmọ́ ọn, ó di dandan kí ẹni tí kò sí lábẹ́ wọn kọ ìròyìn lé e lórí, àfi bí àwọn olówó bá ti fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, àtakò lórí bí a ṣe yára ta Chrysler ní ọdún 2009 dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn.

CAMA 2020 gbé gbèsè tó lè mú kí a palẹ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́ láti ₦2,000 dé ₦200,000. Ó tún mú ètò kan wá tó ń dá àwọn olówó dúró díẹ̀ kí a lè gbìyànjú láti gba ilé-iṣẹ́ náà là.

Báǹkì tó kógbá sílé

Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni títa dúkìá kàn. Nígbà tí a gba ìwé-àṣẹ Heritage Bank ní oṣù kẹfà ọdún 2024, NDIC san owó àwọn tó fowó pamọ́ dé ₦5,000,000. Èyí tó lé lórí rẹ̀ dúró de títa ilé báǹkì náà àti gbígba gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. Ìpín àkọ́kọ́, tí a kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, jẹ́ kọ́bọ̀ 9.2 lórí náírà kan.