Orúkọ Wo La Ó Pe Ojú Tí Kì Í Ríran Ní Àṣálẹ́?

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá dé Ìkòyí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé oúnjẹ kan wà tó ń mú ìran òru dára, àdúrà ni ọkàn wọn yóò lọ sí. Wòlíì ló ń rí ìran òru. Aríran kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán. Ẹni tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí ni. “Ìran òru” ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe kí ìmọ̀ nípa oúnjẹ tó dé bá a, a ò sì lè já a gbà lọ́wọ́ ìjọ Aládùúrà nítorí ìwé pélébé ìlera kan.

Ní tèmi, ẹnu ẹni tí nǹkan ń ṣe ló yẹ kí a ti máa wá èdè-ìperí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ àpótí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sáré kiri kò ní dárúkọ òru rárá. Yóò ní, “Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, ọmọ mi kì í ríran mọ́.” Àṣálẹ́ ni àìsàn yìí ń fara hàn; lóru, ọmọ ti sùn. Àwọn Hausa ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, dundumi. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é ní ìfọ́jú adìẹ. Àwa náà mọ̀ bí adìẹ ṣe ń wọlé sùn kí òkùnkùn tó dé, nítorí náà “ojú adìẹ” ì bá yá lẹ́nu wa. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ níléèwé yóò gbé e dàgbà bí orúkọ ẹ̀sín, ìyá rẹ̀ yóò sì fi àìsàn náà pamọ́. “Àìríran àṣálẹ́” ni mo yàn. Ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Orúkọ àwọn ohun tó wà nínú ẹyinjú ló le jù. Awọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Awọ agbàmọ́lẹ̀ ni n ó pè é. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí níbẹ̀: èyí tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 120 nínú ojú kan, àti èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6. Òyìnbó fi ìrísí sọ wọ́n lórúkọ. A lè pe ìkejì ní òkòtó, yóò sì bá ìrísí rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n kí ni òkòtó sọ fún ìyá ọlọ́mọ? Sẹ́ẹ̀lì àṣálẹ́ fún ti àkọ́kọ́ àti sẹ́ẹ̀lì ọ̀sán fún ìkejì sàn jù, torí iṣẹ́ wọn ni a gbọ́.

Inú sẹ́ẹ̀lì àṣálẹ́ ni èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rodọ́psìn wà. Pupa ni, ó fẹ́ jọ àlùkò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á ṣí. Fítámì A ni ojú fi ń tún un ṣe. George Wald, ará Amẹ́ríkà, rí fítámì A nínú awọ agbàmọ́lẹ̀ ní 1933, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó pín Ẹ̀bùn Nobel ní 1967 lórí iṣẹ́ ojú. Osùn ló wá sí mi lọ́kàn fún rodọ́psìn: pupa lòun náà, ó ń ṣí lára, a sì ń tún un kùn. “Osùn ojú” dára lójú mi gan-an. Ẹni tó bá ti inú oòrùn gangan wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ó lè tó 30 ìṣẹ́jú kí osùn ojú rẹ̀ tó kún padà. Awakọ̀ tó ń gba Ìkirè kọjá lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ lálẹ́ náà, kó má wo iná mọ́tò tó ń bọ̀ lójú kòrókòró. Etí ọ̀nà lápá ọ̀tún ni kó wò, kí osùn má bàa ṣí.

Ibi tí èdè wa ti ṣe wá lóore jù ni ọ̀rọ̀ “pupa”. Òyìnbó ya àwọ̀ epo, ti ìbẹ́pẹ àti ti gààrí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dọ̀ wa, pupa ni gbogbo wọn. Tí máńgòrò bá gbó tó sì rọ̀, a ní ó pọ́n. Ẹ wò ó, kárótíìnì, èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, ló ń kun epo pupa, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pupa. Mo fẹ́ kí a máa pè é ní “èròjà pupa”, kí ojú lásán lè dá a mọ̀ lọ́jà Àpòmù. Àmọ́ orúkọ yìí lè ṣini lọ́nà. Púpọ̀ nínú pupa tòmátì kì í di fítámì A. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sì kún fún èròjà pupa tí àwọ̀ ewé bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹran, ní tirẹ̀, fítámì A gan-an ló ní, tó bẹ́ẹ̀ tí aboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lájẹjù.

Epo ló ń bá èròjà pupa wọ ara, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ rírò fi sàn ju ewé tí a bọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n iná líle ń bà á jẹ́. Epo tí a dáná sí títí tí pupa rẹ̀ fi lọ fún ọbẹ̀ ayamáṣe ti pàdánù ohun tí à ń wí. Dòdò Ìkirè tí arìnrìn-àjò ń rà, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in lóòótọ́, àmọ́ n kò ní kà á mọ́ oúnjẹ ojú, bó ti wù kó dùn tó.

Orúkọ tó nílò àtúnṣe kíákíá ni gààrí pupa. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti èyí tó wà ní Umudike gbé irú ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde tí inú wọn pupa láti oko. Gààrí tí a fi wọ́n ṣe pupa. Èyí tí a bu epo sí náà pupa. “Gààrí ẹ̀gẹ́ pupa” àti “gààrí elépo” yóò jẹ́ kí olùrà mọ ohun tó ń sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló ń kọ mí lóminú. Àìríran àṣálẹ́ ọmọdé lè jẹ́ ti oúnjẹ; ti ẹni 60 ọdún sábà máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 lórí àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó fọ́jú, dígí inú ẹyinjú tó ṣú ló fa ti 43, àìsàn ìfúnpá inú ẹyinjú ló fa ti bíi 17. Kárọ́ọ̀tì kò lè wo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nítorí náà, ìwé tí a bá lẹ̀ mọ́ ògiri ní Ìkòyí ní láti ya ti ọmọdé àti ti àgbàlagbà sọ́tọ̀ gbangba: ọmọ tí kì í ríran ní àṣálẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá fún fítámì A, èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún; àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀.