Agbada Ìyá Alákàrà: Bí Irin Dídà Ṣe Dé Ìdí Ààrò Wa

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo jáde lọ ra àkàrà ní ìyànà ọ̀dọ̀ wa ní Ajíbọ̀dé níbí. Mo bá Ìyá Alákàrà tó fọwọ́ lẹ́rán. Iná ò sí nídìí ààrò. Agbada rẹ̀ wà nílẹ̀, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ọmọ tuntun tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló fẹ́ ṣe dáadáa: ó bu yanrìn, ó mú kànrìnkàn onírin, ó da ọṣẹ lé e, ó fọ agbada náà títí dúdú ara rẹ̀ fi ṣí kúrò, ó wá gbé e sí ẹ̀yìnkùlé fún òjò.

"Pròf, ó ti bàjẹ́," ló wí. "Mo dín díẹ̀ nínú rẹ̀ lánàá, àkàrà ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, àwọn oníbàárà ní ó ń run irin. Àwọn tó ń ra kọ́ndẹ́ẹ̀mù máa kọjá lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ n tà á fún wọn jàre."

Ìyá tó bí i lọ́mọ ló fi agbada yẹn sílẹ̀ fún un. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, àbí kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì mọ̀ nípa agbada? Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé mi ò lè ṣe nǹkan kékeré kan kí n má fi ìtàn sí i, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Agbada dídín ni mò ń sọ o, kì í ṣe agbádá tí à ń wọ̀ lọ òde. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ agbada tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi í mọ ìkòkò àti ìṣaasùn. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní nìyí: àwa tí a ní Ògún, tí a ní alágbẹ̀dẹ ní gbogbo ìlú, kí ló dé tí àwọn baba wa kò fi irin ṣe ìkòkò? Àwọn kan á ní wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti rí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938 kò ní sọ pé Yorùbá kò mọ nǹkan dà.

Ẹ wo èdè wa. Alágbẹ̀dẹ máa ń rọ irin ni; idẹ ni wọ́n máa ń dà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló ni ìdáhùn. Bàbà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 1,085 dígírì Celsius. Irin gidi ò ní yọ́ títí ooru yóò fi dé 1,538. Iléru tí àwọn baba wa ń fi eedu dá ò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yọ́ nínú rẹ̀ ni ìdọ̀tí inú òkúta, èyí tí à ń pè ní ìdàrọ́. Irin fúnra rẹ̀ á kù sílẹ̀ ní ògúlùtu, alágbẹ̀dẹ á wá fi owú lù ú títí yóò fi mọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ dára gan-an fún ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kò ṣeé dà sínú àpẹẹrẹ ìkòkò.

Samuel Johnson mẹ́nu ba iléru nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ní eedu igi líle àti èèpo ẹyìn ni wọ́n fi ń dáná rẹ̀. Òyìnbó kan, C. V. Bellamy, rí iléru tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ní 1904. Lásìkò yẹn, irin olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ti ń pa iṣẹ́ náà kú lọ.

Kí èèyàn tó lè da irin, èédú gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀, bíi ìdá méjì sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà náà, nǹkan bí 1,150 sí 1,200 dígírì ti tó láti yọ́ ọ. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ èyí kí wọ́n tó bí Jésù ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Abraham Darby gba ìwé àṣẹ ní 1707 lórí bí a ṣe ń fi yanrìn da ìkòkò irin tó fẹ́lẹ́, tí owó rẹ̀ ò wọ́n. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló wá bá ọkọ̀ òkun dé etíkun wa. Nígbà tí rélùwéè Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, ẹrù tó wúwo bẹ́ẹ̀ kò tún nílò orí alárù mọ́. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí a kúkú ti ní ààrò mẹ́ta tiwa nílẹ̀.

Ẹ má rò pé ìkòkò tuntun ló kọ́ wa ní ìtọ́jú ìkòkò. Bí àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin bá gbé ìkòkò jáde nínú iná, omi tí wọ́n fi èèpo igbá, ìyẹn pádi irúgbá, sè ni wọ́n ń ta sí i lára bó ṣe gbóná, kí ara rẹ̀ lè dì. Ohun tí irin dídà ń fẹ́ jọ èyí. Ara rẹ̀ rí hágahàga. Bí òróró fẹ́lẹ́ bá wà lára rẹ̀ tí iná sì mú un dáadáa, òróró náà á so mọ́ra wọn, á le, á di awọ dúdú tí omi kì í gbà kọjá. Awọ yẹn ni ọmọ ọlọ́mọ bọ́ dànù. Ọṣẹ díẹ̀ ò lè ṣí i kúrò, ṣùgbọ́n yanrìn àti kànrìnkàn onírin á hà á, omi eérú tó mú á sì jẹ ẹ́. Gàrí nìkan tún ní tirẹ̀: ẹ̀gẹ́ tó ti kan máa ń jẹ irin, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó ń yan gàrí jẹ́ kí agbada gbẹ láìfi epo pa á.

Ní ọjọ́ kìíní, ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn la fi bọ́ ìpẹtà náà kúrò. A fi omi ṣàn án, a gbé e kaná lójú ẹsẹ̀ kó gbẹ. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀. Èmi ní òróró sóyà. Ìyá ní epo pupa ni ìyá òun ń lò. Mo ṣàlàyé pé epo pupa kì í tètè gbẹ di awọ bíi ti sóyà. Ó ní, "Pròf, ṣé ìwé lẹ fi ń dín àkàrà ni?" Ṣùgbọ́n ó gbà. A fi àkísà kun òróró díẹ̀ sí tinú-tòde, a tún fi àkísà gbígbẹ nù ún bí ẹni pé a fẹ́ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: bí òróró bá pọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. A jẹ́ kó máa rú èéfín títí èéfín fi dáwọ́ dúró, a jẹ́ kó tutù, a tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lójoomọ́, ọjọ́ mẹ́ta. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, èéfín yẹn ò ṣeé fà símú.

Àwọn oníkọ́ndẹ́ẹ̀mù ti ọmọlanke wọn dé ní ọjọ́ kejì. Wọ́n gbé agbada náà wò, wọ́n dá iye kan tí mi ò ní sọ níbí, torí ó dùn mí. Owó yẹn ò lè ra ìdajì ìkòkò alumíníọ̀mù.

Alumíníọ̀mù yìí ni à ń pè ní ìkòkò irin nílé báyìí. Àjákù ẹ́ńjìnnì àti páànù ni wọ́n ń yọ́ dà á. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, èsì tó jáde ní 2014 fi hàn pé òjé ń yọ́ jáde lára àwọn kan. Ní Ethiopia, ìwádìí tó jáde nínú The Lancet ní 1999 fi hàn pé àìtó ẹ̀jẹ̀ dínkù lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń se oúnjẹ wọn nínú ìkòkò irin ju àwọn tó ń jẹ nínú alumíníọ̀mù lọ. Kì í ṣe àkàrà ló máa fún yín ní irin yẹn. Ọbẹ̀ tó ní omi tó sì kan díẹ̀ ló ń gbà á lára ìkòkò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nílé yín, ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì lé e. Irin á gbá a mú. Mo dán an wò nínú ilé ìdáná tèmi: nínú ìkòkò mẹ́fà tí à ń pè ní irin, ẹyọ kan ṣoṣo ló gbá a mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ìyá Alákàrà fi àlùbọ́sà nu inú agbada, ó da òróró sí i, ó sì dín márùn-ún àkọ́kọ́. Kò tà wọ́n. Ó bù wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbóòórùn wọn, ó kó wọn fún ọmọ tó fọ agbada pé kó jẹ ẹ́. Ọmọ náà jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbà yẹn ló tó bi mí pé, "Pròf, ti èló lẹ fẹ́?"