Ìbéèrè Halloween fún Àwọn Àgbà: Ibo Ni Ó Ti Ṣẹ̀, Kí Ni Ó Sì Ń Ṣe?

Púpọ̀ nínú wa tí a ń kàwé ní ìlú òyìnbó ni ó ń fi iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó wá owó ilé àti owó ìwé. Bí Oṣù Kẹwàá bá ti ń parí lọ, a máa ń rí i tí wọ́n ń gbé elégédé sí ojú fèrèsé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kó àwọn bàbá àti ìyá àgbà jọ yí tábìlì ká, tí wọ́n sì ń ka ìbéèrè sí wọn létí. Ilẹ̀ wo ni Halloween ti ṣẹ̀? Kí ni wọ́n ń gbẹ́ kí wọ́n tó máa gbẹ́ elégédé? Onídán wo ni ó kú ní ọjọ́ Halloween? Wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí pépé, wọ́n ní kì í jẹ́ kí àgbà tètè ṣarán. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ tú wò, nítorí pé ìtàn mẹ́ta ni ó pàdé nínú rẹ̀: ìtàn àjọ̀dún kan, ìtàn eré kan, àti ìtàn àrùn kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní òbí mọ̀ nípa rẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àjọ̀dún náà. Àwọn ará Ireland àti Scotland ayé àtijọ́ ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Samhain. Ó bọ́ sí ìparí ìkórè àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá. Nínú ìtàn wọn, ìlẹ̀kùn tí ó wà láàárín ayé àti ibùgbé àwọn ẹ̀mí a máa ṣí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Póòpù Gregory Kẹta ya ilé àdúrà kan sí mímọ́ ní Róòmù fún gbogbo ènìyàn mímọ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 835, ní ìgbà Gregory Kẹrin, ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá ti di ọjọ́ àjọ̀dún wọn káàkiri ilẹ̀ àwọn Faransé ìgbà náà. All Hallows' Even ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ yìí. Nígbà tí ahọ́n gé orúkọ náà kúrú ni ó di Halloween.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tálákà a máa lọ láti ilé dé ilé ní àkókò yìí. Wọn a gba àkàrà òyìnbó kékeré, wọn a sì gbàdúrà fún àwọn òkú ilé náà. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láàárín ọdún 1845 sí 1852, tí ọ̀dùnkún òyìnbó jẹrà mọ́ inú ilẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ará Ireland wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé àjọ̀dún wọn dání. Turnip ni wọ́n ń gbẹ́ ní ilé, tí wọ́n ń tan iná sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n bá elégédé tí ó tóbi tí ó sì rọrùn láti gbẹ́ jù ú lọ. Bí elégédé ṣe di olórí àjọ̀dún náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá kúrò nílé a máa lo ohun tí ó bá níbi tí ó dé. Àwa náà mọ èyí.

Ìtàn eré ìbéèrè kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1936 ni ètò Professor Quiz bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní Amẹ́ríkà, Information Please sì tẹ̀ lé e ní 1938. Ní ọdún 1938 kan náà, ní ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kẹwàá, ni Orson Welles ṣe eré kan lórí rédíò nípa àwọn ará Mars tí wọ́n ya wọ ayé, tí àwọn kan tí wọ́n gbọ́ ọ rò pé òótọ́ ni. University Challenge dé sórí tẹlifíṣàn ní Britain ní 1962, Jeopardy! dé ní Amẹ́ríkà ní 1964. Ní 1979, àwọn ọkùnrin méjì kan jókòó ní Montreal ní Canada, wọ́n ro Trivial Pursuit jáde. Láti ìgbà náà ni àpótí ìbéèrè ti di ohun tí a ń bá nínú ilé. Àwọn arúgbó tí a ń bi ní ìbéèrè lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó dàgbà pẹ̀lú àwọn ètò wọ̀nyí. Eré ìgbà èwe wọn ni. Bí ẹnì kan bá sì bèèrè onídán tí ó kú ní ọjọ́ Halloween, Harry Houdini ni. Detroit ni ó kú sí, ní 31 Oṣù Kẹwàá 1926.

Ìtàn kẹta ni ó ṣòro jù. Ní ọdún 1901, wọ́n mú obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt ní Jámánì. Auguste Deter ni orúkọ rẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè: kí ni orúkọ rẹ, kí ni orúkọ ọkọ rẹ, kí ni ohun tí o ń jẹ yìí? Ìdáhùn kò bá ìbéèrè mu mọ́. Obìnrin náà kú ní 1906. Dókítà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì ròyìn ohun tí ó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ní ọjọ́ kẹta Oṣù Kọkànlá ọdún náà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé àrùn ni, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan, kì í sì í ṣe èpè.

Ǹjẹ́ ìbéèrè tí ó fi àrùn náà hàn tún lè lé e jìnnà bí? Ní 1963, Dókítà Robert Butler ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé kì í ṣe àmì ìṣarán ni pé kí àgbà máa sọ̀rọ̀ nípa ìgbà àtijọ́. Iṣẹ́ pàtàkì tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe ni. Ní 2002, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ACTIVE, tí ó kó àgbà 2,832 jọ, fi hàn pé ẹni tí a bá kọ́ ní ọgbọ́n ìrántí a máa rántí nǹkan sí i, ẹni tí a bá sì kọ́ ní ìrònú a máa ronú sí i; ṣùgbọ́n èyí tí a kọ́ni nìkan ni ó ń dára. Ní 2003, ìwádìí kan ní Bronx ní New York lórí àgbà 469 rí i pé àwọn tí ń kàwé, tí ń ta ayò orí pákó, tí ń lu ohun èlò orin, tí ń jó, kì í sábàá ṣarán tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. A kò lè ti ibẹ̀ sọ pé eré ni ó dáàbò bò wọ́n, nítorí ẹni tí àrùn ti ń bọ̀ lára rẹ̀ lè ti fi eré sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í dúró de òkodoro. Ní 2005, Nintendo gbé eré ọpọlọ jáde ní Japan, ọjà náà sì tà káàkiri ayé. Ní 2010, ìwádìí kan tí ó kó ènìyàn 11,430 jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i pé ẹni tí ó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ń mọ eré náà ṣe sí i, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé iṣẹ́ tí ó ni Lumosity pé ìpolówó rẹ̀ ń tan aráàlú jẹ, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 2 dọ́là. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ìyá yín pé kí ó ra ìwé ìbéèrè kan kí ó má baà ṣarán, ẹ ní kí ó fi owó rẹ̀ ra ẹja.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa gan-an nìyí. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ṣáájú wọn títí ó fi kú ní 1995, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ti Indianapolis láti wádìí àrùn yìí láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ìṣòro méjì kọ́kọ́ bá wọn. Èkíní, ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá fi ìwé àti kálámù dán wọn wò, alára líle yóò dàbí aláìsàn. Wọ́n wá ìbéèrè tí kò nílò ìwé, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì tún bi ẹbí nípa bí àgbà náà ti ń ṣe nínú ilé. Èkejì, ọ̀pọ̀ kò mọ ọdún tí a bí wọn. Wọ́n lo àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn tí Àjàyí àti Igun ṣe ní 1963, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń sọ pé ìgbà ogun Àdùbí ni a bí lágbájá, tàbí pé tàmẹ̀dò ti ń rìn nígbà ogun Hitler. Ìbéèrè ìtàn ni wọ́n fi ka ọjọ́ orí.

Ní 2001 ni wọ́n tẹ èsì jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn ìṣarán ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 3.24 ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yangàn pé àlọ́ tàbí ayò ni ó fà á. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tí a bí mọ́ ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ tí ó dá wa lójú ni pé ìbéèrè gbọ́dọ̀ bá ẹni tí a ń bi mu.

Ẹ wá wo ìyá Yorùbá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú wá sí London tàbí Houston, tí wọ́n jókòó tì í yí tábìlì ká ní Oṣù Kẹwàá. Wọ́n bi í léèrè elégédé tí a gbẹ́ ojú sí, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í léèrè Houdini, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà ti ń gbàgbé nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀ àti ti ilé ọkọ rẹ̀, ó mọ iye tí wọ́n ń ta gààrí ní ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Àwa tí a wà nítòsí ni ó yẹ kí a là á yé wọn.

A kò sọ pé kí ẹ pa eré Halloween tì. Fún ìyá Ireland tàbí bàbá Amẹ́ríkà tí ẹ ń tọ́jú, ó dára: ó ń kó wọn jọ, ó ń mú ẹ̀rín wá, ó ń jí ìgbà èwe wọn dìde. Ẹ kà á sókè, ẹ má kánjú, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn di ìtàn. Ṣùgbọ́n ti àwọn òbí tiwa ńkọ́? Bí ẹ bá tún tẹ̀ wọ́n láago, ẹ má ṣe fi owó nìkan parí ọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó sọ wọ́n lórúkọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ìlú tí wọ́n ń gbé, àti orúkọ àwọn tí ó ti lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí a óò bi léèrè kì í wà níbẹ̀ títí láé.

Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n dá wa mọ̀ nígbà tí a bá padà délé. Àṣẹ.