Ta Ló Ni Ìlù? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn lórí Orísun Ìlù Àwọn Ará Polinísíà

Ìfáàrà

Láàárín Òkun Pàsífíìkì, láti Hawaii ní àríwá títí dé Aotearoa, ìyẹn New Zealand, ní gúúsù, àti Rapa Nui ní ìlà-oòrùn, ni àwọn erékùṣù tí àwọn onímọ̀ kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Polinísíà, wà. Èdè wọn bá ara wọn tan, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn sì jọra. Ìlù wà lára ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Òun náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà á lé lórí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ àríyànjiyàn náà wò: ibo ni ìlù kọ̀ọ̀kan ti wá, ta ló ni ín, irú ẹ̀rí wo sì ni a lè gbé ìdájọ́ lé? Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ àṣà gidigidi, nítorí pé ìtàn àtẹnudẹ́nu, ẹ̀rí èdè àti àkọsílẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò pàdé nínú rẹ̀, wọn kò sì sọ ohun kan náà.

Irú ìlù tí ó wà

Ìlù aláwọ ni pahu. Odidi ìtì igi, pàápàá igi àgbọn tàbí gbẹ̀rẹ́fútù, ni a ń gbẹ́ ihò sí lókè àti nísàlẹ̀, tí a ó sì fi igi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ihò méjèèjì. A ó fi awọ ẹja àkùràkudà bo ojú rẹ̀, a ó sì fi okùn tí a hun láti ara háhá àgbọn fà á mọ́ ìdí igi náà. Ìdúró ni ìlù yìí máa ń wà, ojú kan ṣoṣo ni ó sì ní. Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Raivavae, ní àwọn erékùṣù Austral, ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọnà ara rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York fi kó o pamọ́. Nígbà tí James Cook àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé Tahiti ní 1769, wọ́n ṣe àkíyèsí pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lu pahu, kì í ṣe ọ̀pá, àti pé àwọn onílù mọ bí a ti ń mú ohùn ìlù méjì bára mu. Kí òǹkàwé fi àkíyèsí yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ìlù kejì kò ní awọ rárá. Ìtì igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀ ni, tí a sì la ojú gbọọrọ sí lára. Ọ̀pá ni a fi ń lù ú. To'ere ni wọ́n ń pè é ní Tahiti. Ní àwọn erékùṣù Cook, a rí pate, tokere àti kā'ara. Ní Samoa, pate àti lali ni. Lali yìí sì wà ní Tonga àti Fiji pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ onílù àwọn ará Cook a máa ní pate taki tí ó ń ṣíwájú, àti pate takirua tí ó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí omele ti ń ṣe lẹ́yìn ìyá ìlù nílẹ̀ wa kò ní pẹ́ kí ó tó lóye ètò wọn.

Kì í ṣe gbogbo erékùṣù ni ó ní oríṣi ìlù méjèèjì. Àwọn Māori ní orúkọ náà, pahū, ṣùgbọ́n igi tí a so rọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ odi ń lù ni ó ń tọ́ka sí. Ìlù aláwọ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Ní Rapa Nui, ihò ni wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé akèrègbè sí inú rẹ̀, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ bò ó, ẹsẹ̀ ni onílù sì fi ń kì í mọ́lẹ̀.

Ibo ni ìlù aláwọ ti wá?

Àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé ó ti tó nǹkan bí 2,800 ọdún tí ènìyàn ti tẹ Tonga àti Samoa dó. Ìlà-oòrùn Polinísíà kò tètè ní olùgbé. Ìwádìí tí a gbé jáde ní 2011 fi ìtẹ̀dó Tahiti àti àwọn erékùṣù tí ó yí i ká sí ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá, ó sì fi ti Hawaii, Rapa Nui àti Aotearoa sí ẹ̀yìn ìyẹn. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìlà-oòrùn tí a tẹ̀ dó kẹ́yìn ni pahu ti gbilẹ̀, kì í ṣe ní ìwọ̀-oòrùn tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá.

Àwọn kan wo Micronesia, níbi tí ìlù aláwọ wà ní àwọn erékùṣù Marshall àti Pohnpei, wọ́n sì rò pé láti ibẹ̀ ni ó ti wọlé. Èrò yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ìlù Micronesia sún ní ìbàdí bí gángan, pahu sì dúró gbọọrọ. Awọ nìkan ni wọ́n fi jọra. Ohun tí ó lágbára jù lójú tiwa ni orúkọ. Láti Tahiti dé Marquesas dé Hawaii, pahu ni. Ní Rarotonga, pa'u. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ní orúkọ náà kí wọ́n tó tú ká. Síbẹ̀, orúkọ nìkan kò tó. Ní Tonga, nafa tí àwọn ènìyàn Cook rí ní 1777 jẹ́ ìlù aláìláwọ. Lónìí, ìlù aláwọ ni wọ́n ń pè ní nafa. Orúkọ dúró, ohun èlò yí padà.

Ní ti Thor Heyerdahl, ẹni tí ó gun àjà Kon-Tiki láti Peru ní 1947 láti fi hàn pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ará Polinísíà ti wá, àwọn onímọ̀ kò gba èrò rẹ̀. Lóòótọ́, ìwádìí ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde ní 2020 fi hàn pé àwọn méjèèjì pàdé ní nǹkan bí ọdún 1200, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó dàpọ̀ kò sọ ẹni tí ó gbẹ́ ìlù.

Àwọn ará Hawaii ní ìdáhùn tiwọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé La'amaikahiki ni ó gbé pahu wá láti Kahiki. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kọjá létí òkun, tí ìlù ń dún, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ha'ikamalama ń tẹ̀ lé e ní èbúté, ó ń lu àyà rẹ̀ láti há ìlù náà sórí; nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó wo ìlù náà fínnífínní, ó sì gbẹ́ irú rẹ̀. Ìtàn yìí dùn mọ́ wa púpọ̀, nítorí pé ẹ̀sùn jíjí ìlù tí a ó sọ láìpẹ́ ti wà nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Lóòótọ́, k ni ará Hawaii ń pè níbi tí ará Tahiti ti ń pe t, Kahiki sì bá Tahiti mu. Àmọ́ Kahiki tún jẹ́ orúkọ fún ilẹ̀ òkèèrè èyíkéyìí.

Ojúbọ tí wọ́n ń pè ní heiau ni ilé pahu ní Hawaii. Nígbà tí Kamehameha Kejì fòpin sí ètò èèwọ̀ kapu ní 1819, tí ìsìn ojúbọ sì parẹ́, ìlù náà pàdánù ilé rẹ̀. Adrienne Kaeppler jiyàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1993 pé ha'a, ijó ìsìn inú ojúbọ, ni ó yí padà di hula pahu tí a mọ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní hula àtayébáyé jẹ́ ìsìn tí ó pààrọ̀ aṣọ kí ó lè wà láàyè.

Àríyànjiyàn lórí to'ere

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù nìyí. Àwọn ará erékùṣù Cook sọ pé tiwọn ni ìlù onígi tí Tahiti fi gba òkìkí kárí ayé, pé ẹ̀yìn tí Òyìnbó dé ni ó dé ibẹ̀. Ẹ̀rí wà fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ìlù tí àwọn ènìyàn Cook ṣàpèjúwe ní 1769. William Ellis, míṣánnárì tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1829, ṣàpèjúwe ihara, ọparun tí a la ojú sí lára tí a sì ń fi ọ̀pá lù. Ọparun ni, kì í ṣe igi. Ṣùgbọ́n àìsọ̀rọ̀ àlejò kọ́ ni àìsí ohun èlò. Ihara alára fi hàn pé àwọn ará Tahiti ti mọ bí a ti ń la ojú sí ìlù.

Àwọn míṣánnárì sì da ọ̀rọ̀ náà rú. Ní 1821, Papeiha àti Vahapata, ọmọ bíbí àwọn erékùṣù Society, ni wọ́n gbé ẹ̀sìn Kristi lọ sí Aitutaki. Papeiha dé Rarotonga ní 1823. Ní 1830, John Williams kó irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí Samoa. Te Rangi Hiroa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1930 pé ọwọ́ irú wọn ni pate fi dé Samoa. Ní Tahiti, ẹ̀wẹ̀, òfin tí Pomare Kejì àti àwọn míṣánnárì gbé kalẹ̀ láti 1819 ti ń sọ ijó àtijọ́ di èèwọ̀. Ìjọ kan náà fòfin de ìlù níhìn-ín, ó sì gbé e lọ sọ́hùn-ún láti fi pe ènìyàn sí ìsìn.

Ayẹyẹ oṣù Keje tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ ní 1881, tí àwọn ará Tahiti ń pè ní Tiurai kí ó tó di Heiva ní 1985, ni ó dá ijó padà sí gbangba. Níbẹ̀ ni to'ere ti di ọ̀gá nínú ijó 'ōte'a, tí tari parau, ìlù ológun Òyìnbó tí wọ́n sọ di tiwọn, sì ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní Rarotonga ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà gbogbo Pàsífíìkì ti wáyé ní 1992. Jane Freeman Moulin, tí ó ti ń ṣe ìwádìí ijó Tahiti tipẹ́, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1996 lórí àṣà yíyá ní àgbègbè náà. Ohun tí ó ń dun àwọn ará Cook kì í ṣe igi lásán. Wọn kò pọ̀ níye, bẹ́ẹ̀ ni ijó Tahiti ti ní ìdíje tirẹ̀ títí dé Amẹ́ríkà. Ìlù tí wọ́n bá lù lónìí lè di ti Tahiti lọ́la lójú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àwọn ará Tahiti náà ní ọ̀rọ̀ sọ, nítorí pé pehe wọn, ìyẹn ọ̀nà ìlùlù bíi toma àti pahae, ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní ìlànà tí ọmọdé ń kọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

Èrò tiwa ni pé ohun méjì ni wọ́n ń pè ní ẹyọ kan. Ó jọ pé to'ere onígi ti ìwọ̀-oòrùn wọ Tahiti, bóyá láti erékùṣù Cook, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀rí 1769 àti ti Ellis ni a gbé èyí kà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà lù ú ní Papeete lónìí, Tiurai ni ó tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí ìtì igi tí ó lè jẹ́rìí sí ẹni tí ó kọ́kọ́ lu pehe kan.