Bí Àwọn Ìlú Èkìtì Ṣe Gba Ara Wọn Sílẹ̀ Nígbà Ogun Kíríjì

Láti Adó àti Ìyìn títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì ní ayé àtijọ́. Olúkúlùkù ní ọba tirẹ̀: Ewì ń jọba ní Adó, Olúyìn sì ń jọba ní Ìyìn, kò sí ẹnì kan tí ó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Àìparapọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí ó rọrùn fún Ìbàdàn, ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó ní nǹkan bí ọdún 1829, láti borí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ajẹ́lẹ̀ sí ààrin wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ wúwo, ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ sì korò.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi, ọmọ ọba Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó ti dìmọ̀ pọ̀, tí a sì ń pè wọ́n ní Èkìtì Parapọ̀.

Báwo ni ìlú kéékèèké púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe di ọmọ ogun kan? Wọn kò wó ètò ìlú palẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n lò. Ọba àti àwọn ìjòyè ni ó kó ọmọkùnrin jọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ìlú ní ìgbà àlàáfíà náà ni ó gbé ìbọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan jà lábẹ́ olórí tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ràn sí Fábùnmi lẹ́nu, lẹ́yìn náà sí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn.

Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1886, a kéde àdéhùn tí ó sọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira. Síbẹ̀, ayọ̀ náà kò kún: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di ọdún 1893.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣàkíyèsí ni pé, nígbà tí ogun parí, kò sí ọba kan tí ó di olórí àwọn yòókù. Olúkúlùkù padà sí abẹ́ adé ìlú rẹ̀.