Bí a ṣe ń wọn ọ́ìlì ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù, pàápàá èyí tí wọ́n ti fà gùn

Ní agbègbè Idigny, lórí ilẹ̀ Kétou, alùpùpù ló ń kó àgbàdo, gbágùúdá àti èédú wálé láti oko. Òun náà ló ń gbé aboyún lọ sí ibùdó ìlera lóru. Bí òjò bá dé, ọ̀nà oko a di kòtò-kòtò. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa a bo gbogbo nǹkan. Ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fourche, ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà yìí. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ kò bá pé, ìjánu iwájú kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, ẹ̀mí méjì tàbí mẹ́ta ló sì wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni ọ́ìlì ń ṣe níbẹ̀?

Nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, páìpù dídán kan ń wọ inú páìpù mìíràn tó nípọn nísàlẹ̀. Sípíríǹgì, ìyẹn ressort, ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì ní tirẹ̀ ń gba àwọn ihò kéékèèké kọjá. Òun ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè sódò bíi bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ọ́ìlì náà níṣẹ́: bí ẹsẹ̀ bá ti ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ó sì ń ti ẹsẹ̀ náà padà bíi sípíríǹgì kejì.

Bí ọ́ìlì bá kéré, ẹsẹ̀ a já wọlé tí ẹ bá tẹ ìjánu, irin a kan irin. Bó bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò láyè mọ́, ẹsẹ̀ a le koko, joint spi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọ́ìlì tó bá sì ti kan ìjánu, ìjánu yẹn kò ní mú mọ́.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

1. Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró àárín, kí ẹ fi pákó tó dúró gbọin ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí táyà iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀.

2. Ẹ kọ́kọ́ dẹ bóòtù tó di páìpù mú lókè, kí ẹ tó tú ìdérí. Sípíríǹgì ń ti ìdérí yẹn: ẹ má gbé ojú sórí rẹ̀.

3. Ẹ yọ sípíríǹgì. Ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ jáde láti ibi bóòtù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yọ ẹsẹ̀ náà kí ẹ dà á kodò. Ẹ má da ọ́ìlì náà sílẹ̀ nítòsí kànga.

4. Ẹ bu ọ́ìlì fourche tuntun sí i. SAE 10 ni ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké ń lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 20W-50 ti ki jù. Síríńjì ńlá tàbí biberon tí ọmọ kò lò mọ́ lè fi mílílítà hàn yín. Àmọ́ kí biberon yẹn má tún padà sẹ́nu ọmọ o.

5. Ẹ rọra fa ẹsẹ̀ náà sókè sódò bí ìgbà mẹ́wàá, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ́ìlì lè jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

6. Ẹ ti ẹsẹ̀ náà wọlé pátápátá, láì tíì dá sípíríǹgì padà, kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé wọ̀n láti etí páìpù lókè dé ojú ọ́ìlì. Ẹ ṣọ́ra: bí iye tí rúlà sọ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ṣe kéré tó. Ẹsẹ̀ tó wà ní mílímítà 170 ní ọ́ìlì tó dín sí ti èyí tó wà ní 150.

7. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ dá sípíríǹgì padà, kí ẹ sì fún gbogbo bóòtù.

Bí ẹsẹ̀ bá ti gùn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ

Àwọn kan ń fi páìpù gígùn sí i kí alùpùpù lè ga, àwọn mìíràn nítorí ẹwà. Fíìmù Easy Rider, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, wà lára ohun tó sọ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ di olókìkí. Ibí yìí gan-an ni ìṣirò ti ń da èèyàn láàmú.

Ìwé alùpùpù sábà máa ń sọ iye méjì: mílílítà ọ́ìlì, àti mílímítà láti òkè páìpù. Lórí páìpù tí ilé-iṣẹ́ ṣe, méjèèjì bára mu. Lórí páìpù gígùn, wọn kò bára mu mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé páìpù tuntun fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn jù, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 26. Àyè tó lé yẹn ń gba nǹkan bíi mílílítà 53 nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Ẹ fi mílílítà inú ìwé ṣe ìbẹ̀rẹ̀: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ dín sí i. Ẹ fi mílímítà inú ìwé ṣe òpin: ọ́ìlì kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó yẹ wà láàárín méjèèjì. Ẹ so okùn rọ́bà tín-ín-rín mọ́ páìpù dídán, kí ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé, kí ẹ sì rọra gun ún. Ibi tí okùn náà bá dúró sí ló ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe wọlé tó. Bó bá wọlé dé òpin, ẹ fi mílílítà 10 kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún dán an wò.

Irin tí wọ́n bá fi dí àyè tó wà lókè sípíríǹgì gbọ́dọ̀ jẹ́ oníhò. Èyí tó dí pa ń gba àyè afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin mọ́ páìpù láti mú un gùn: ó lè já lójú ọ̀nà. Kí ẹ sì yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ wò ó bóyá okùn ìjánu ṣì gùn tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi àkísà mímọ́ nu páìpù dídán náà. Bí ọ́ìlì bá wà lára àkísà, ẹ pààrọ̀ joint spi kí ẹ tó gbé èrò mìíràn.